Ọkọ Gbogbo Ìjigbò

Bámgbóyè, ọmọ Ìjigbò ní Adó-Èkìtì, kò ní oko, kò ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ pàápàá kò ní. Gẹ̀ẹ́sì ló ní. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún kò pé o, Sítáńdáàdì Fáìfù ló ti já bọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń da òkúta sórí páànù, ariwo rẹ̀ á sì dé Ìyìn. Gẹ̀ẹ́sì yìí ló fi rí iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó oníwàádìí. Iṣẹ́ yìí náà ni Katikíìsì Adéyẹyè rí tó fi sọ pé, "Ó dáa, máa bọ̀ wá fẹ́ Monínúọlá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi náà ti bọ́ nìyẹn."

Ìwádìí náà fúnra rẹ̀, ìran ni. Ní ọdún 1956, yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti òmíràn ní Amẹ́ríkà da owó pọ̀ pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé wọn jọ wá wo bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń bá ara wọn tan. Owó náà pọ̀! Bí wọ́n bá tò ó léra, á ga ju òkè Olóta lọ, àwọn ẹyẹ á máa forí gbá a. Ṣùgbọ́n "jọ" yẹn ni wàhálà. Tíì ni ti Gẹ̀ẹ́sì ń mu, kọfí ni ti Amẹ́ríkà. Wọ́n fi odindi oṣù kan ṣèpàdé lórí èyí tí owó ìwádìí yóò máa rà. Nígbà tí wọ́n parí ìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣíwájú lára ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ. Bámgbóyè nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kó àwọn ará Ìjigbò wá síwájú wọn. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, á gba ọṣẹ kan àti agolo sàdíìnì kan, á sì máa súre lọ sílé.

Òfin kan ṣoṣo ni àwọn olówó ṣe: ẹni tó bá ń gba owó oṣù nínú owó yìí kò gbọdọ̀ pe ẹbí tirẹ̀ wá gba ọṣẹ. Ẹni tó ṣe òfin náà kò dé Adó rí.

Nígbà tó yá, àwọn olówó rán alábòójútó kan wá pé kó wo bí owó ṣe ń rìn. Òyìnbó náà tínrín débi pé bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, àfi kí mísìsì rẹ̀ dì í mú, kó má baà lọ balẹ̀ sí Ìjàn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ìlú sọ ọ́. Nítorí pé ilé àlejò kún, yàrá òkè ní agbo ilé Bámgbóyè ni wọ́n fi òun àti mísìsì wọ̀ sí.

"Èmi kò fẹ́ ògbufọ̀," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Èmi ti kọ́ Yorùbá nínú ìwé."

Òótọ́ ni. Inú ìwé ló ti kọ́ ọ.

Ilẹ̀ mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá Ìyá Ilésanmí, àgbà obìnrin tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá, Bámgbóyè, kí ni ó jẹ́ sí yín?"

"Bámgbóyè kẹ̀? Ọkọ mi ni. Ọkọ ulé ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá "ulé" nínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀. Láti T, ìwé fò sí W; kò mọ̀ pé ilé ni Èkìtì ń pè ní ulé. Ó wá "ọkọ", ó rí i gbàgàdà. Ẹnu rẹ̀ là. Ó bi Àtinúkẹ́, ìyàwó ilé mìíràn tó ń fọṣọ. "Ọkọ mi ni o, òyìnbó!" Ó bi ìyàwó kan tó pọn àbúrò ọkọ rẹ̀ jòjòló. "Ọkọ mi ni. Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí náà, ọkọ mi ni, ó ti tọ̀ sí mi lára láàárọ̀ yìí." Bẹ́ẹ̀ ló ń bi wọ́n kiri agbo ilé, ó ń kà wọ́n sínú ìwé.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé obìnrin tó bá wọ agbo ilé, gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà ni ọkọ rẹ̀, títí kan èyí tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pe ìlú jọ sí gbọ̀ngàn kọ́ọ̀tù. Ìbínú ti lé gbogbo Yorùbá kúrò lórí rẹ̀, ó di dandan kí Bámgbóyè túmọ̀ fún un.

"Ọkùnrin yìí," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, "ní ìyàwó mẹ́tàdínláàádọ́ta! Gbogbo wọn ló gba ọṣẹ wa. Òní ni iṣẹ́ rẹ̀ parí!"

Bámgbóyè yí ojú káàkiri gbọ̀ngàn. Ó wo Katikíìsì nídìí fèrèsé, ó wo Monínúọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó yíjú sí ìlú.

"Ó ní Adó mọ́ tónítóní. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún yín."

"Àmín o!"

"Irọ́!" Katikíìsì ti fò dìde. Òun náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Adó ni, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ ilé dáadáa, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí òyìnbó bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ, bí ẹsẹ Bíbélì ló rí létí rẹ̀. "Ìyàwó mélòó ló ní o ní, Bámgbóyè? Ọmọ tèmi ni yóò wá ṣe ìkejìdínláàádọ́ta?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀," ni Monínúọlá wí. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé mi ò ní dáná mọ́ láéláé."

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Katikíìsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ti di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bámgbóyè na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró. Ló bá tajú kán rí Ìyá Ilésanmí.

"Ìyá, ẹ dákun, àlejò tó sùn ní yàrá òkè yìí, báwo lẹ ṣe kí i láàárọ̀?"

"Báwo ni mo tún lè kí i? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú àárọ̀, ọkọ mi. Ṣé kì í ṣe ulé wa ló sùn ni?"

"Ọkọ wa ni o!" ni gbogbo obìnrin Ìjigbò hó yèè.

Bámgbóyè yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ó sì rí i dájú pé mísìsì gbọ́: "Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ̀yin náà ní ìyàwó mẹ́tàdínláàádọ́ta. Owó yìí náà ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù yín."

Mísìsì dìde. Ó mú agbòòrùn rẹ̀ dání, òjò kò sì rọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sá sẹ́yìn igi àsíá, a kò sì rí i mọ́ rárá. Ohùn rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́, Yorùbá rẹ̀ sì ti padà dé wìtìwìtì: "Ọkọ kì í ṣe ọkọ! Ẹ gbà mí, ọkọ kì í ṣe ọkọ! Iṣẹ́ Bámgbóyè kò bọ́, ó dúró!"

Katikíìsì gbọ́ "dúró," òun náà dúró.

Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà bá dì mọ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan. Wọ́n ní ó di dandan kí àwọn olówó mú ìlọ́po owó wá, kí àwọn lè wádìí ohun tí "ọkọ" jẹ́ gan-an. Kí wọ́n tó tú ara wọn sílẹ̀, wọ́n ti ń jà lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣíwájú.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Monínúọlá wọ Ìjigbò, ó ń kúnlẹ̀ kí àwọn ọkọ rẹ̀ káàkiri agbo ilé, láti orí àgbàlagbà dé orí èyí tó ń rákò. Ó yà sí kọ̀rọ̀ kan, ó bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ níbi tó ti ń gé iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mísìsì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúnlẹ̀, ó la ẹnu. Mísìsì na ọwọ́ sí agbòòrùn.

Àwọn ará Ìjàn ní nǹkan kan kọjá lójú pópó àwọn lọ́jọ́ náà, òkèlè iyán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn rò pé ọyẹ́ ni.