Àdín Lára Kọ̀ǹpútà

"Wọ́n ní Bàbá yín ti sọ láàárọ̀ àná pé... àbí kí n má sọ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ tó ba iṣẹ́ àwọn jẹ́, ọwọ́ yẹn ò ní... Títí, má bínú o, èmi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó sọ fún mi náà, ó ní ẹnì kan ló..."

Lucy aládùúgbò wa ò parí gbólóhùn kan nídìí kànga. Mo gbé omi mi rù, mo kọrí sílé. Èmi ni mo ni ọwọ́ tó ń wí.

Bàbá Ògúnṣínà, bàbá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi níwèé nínú ilé wa ní Erinje. Nígbà tí ojú wọn fọ́, wọ́n ní kí n máa tẹ ìtàn ìdílé wa bí àwọn bá ṣe ń sọ ọ́, sínú kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ayọ̀kúnlé, fi ránṣẹ́ láti Èkó. Oṣù márùn-ún la fi ṣe é. Orúkọ àwọn àgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n sin olúkúlùkù sí. A ò tíì ní ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Òjò wá dé. Mo ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà kí n lè nu eruku gàrí kúrò, mo sì rí ìpẹtà lára irin inú rẹ̀. Láti kékeré ni Bàbá ti kọ́ mi pé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí n fi àdín pa àdá kí n tó gbé e pamọ́, kó má baà dípẹtà. Mo bu àdín sí òwú, mo sì fi pa gbogbo irin tí mo rí, mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti dúdú.

Lónìí, Bọ̀dá Vincent tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkìtìpupa gun ọ̀kadà wá. Ó tàn án. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ tàn, fáànù ń yí, ojú rẹ̀ ò mọ́lẹ̀. Ó yọ wáyà, ó tún dá a padà sáyè rẹ̀. Ó so ojú kọ̀ǹpútà mìíràn tó gbé dání mọ́ ọn. Òun náà dúdú. Ìgbà tó yọ káàdì kékeré kan nínú rẹ̀ ló gbé e sí imú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Àdín ni," mo wí.

"Àdín kẹ̀? Ṣé gìrì ló ń mú kọ̀ǹpútà ni?"

Anti Abọ́sẹ̀dé, àbúrò bàbá mi, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Bọ̀dá Vincent fi írésà ha ẹsẹ̀ káàdì náà títí ó fi ń dán, ó dá a padà, ó tàn án. Fáànù yí. Ojú dúdú. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá yọ àpótí pẹlẹbẹ kan jáde nínú kọ̀ǹpútà náà.

"Àbúrò, inú èyí ni ohun tí o tẹ̀ wà, tó bá ṣì wà. N ò ní ẹ̀rọ tó lè ṣí i. Màá gbé e lọ sí Àkúrẹ́."

"Ṣé àdín wọ inú rẹ̀?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún sí ṣòkòtò. "N ò lè mọ̀."

Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó lọ. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn orúkọ náà lákọ́sórí. Ìkẹtàdínlógún ni mo dé, n ò rí èyí tó kàn.

Mo lọ bá Anti ní ilé ìdáná. "Anti, ṣé òótọ́ ni pé Bàbá ṣépè fún ọwọ́ mi láàárọ̀ àná?"

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Lucy, àbí? Ẹnu Lucy! Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ àná, mò ń fún wọn lẹ́kọ. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà bàjẹ́. Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Ó gbé ìgbakọ sílẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ bíi ti Bàbá.

"Wọ́n ní, 'Abọ́sẹ̀dé, bá mi pe Títíladé, kó wá ka àwọn orúkọ yẹn fún mi. Mo wá wọn títí lóru, n ò rántí wọn mọ́.'"