Bí Alága Ṣe Gun Òkè Lọ Ra Tófù

Ènìyàn mẹ́rin péré ló wà nínú Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Àfonífojì Urushidani. Èmi Nagase onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀. Hosoda tó ń ta epo ọkọ̀ wà níbẹ̀. Sumie Kuwabara, opó tó ń ṣe tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà tó dì, náà wà níbẹ̀. Ẹnìkẹrin ni alága wa, Tetsurō Okumiya, tí kì í ta ohunkóhun. Bàbá rẹ̀ ló ta ìrẹsì nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ jogún oyè, kò jogún iṣẹ́. Síbẹ̀ Okumiya ní ọ́fíìsì, ó ní káàdì tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tẹ orúkọ rẹ̀ sí, ó sì ní àga aláwọ tó ń yí bìrìpé. Bó bá jókòó sínú àga náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wà tó ń ṣiṣẹ́ fún àfonífojì yìí, Sumie ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ ẹ̀wà sóyà. Tí tófù bá ti dì tán, á kó o sínú ọkọ̀ ẹrù kékeré rẹ̀, òun àti ẹja tútù, epo kẹrosíìnì, bátìrì, àti ìlédìí àwọn àgbàlagbà, á wá máa kiri láti ilé dé ilé. Ohùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ló ń jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí ọkọ̀ náà: "Tófù dé o! Ó gbóná, ó rọ̀!" Bí arúgbó kan kò bá jáde síta, Sumie á bọ́ bàtà, á wọlé lọ wò ó. Bàbá Moriwaki tó ṣubú sí balùwẹ̀, òun ló rí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ibà dá dùbúlẹ̀, òun ló se ògì ìrẹsì fún un. Kò sí ẹni tó fi í joyè kankan nítorí ìyẹn.

Ní ọdún kan, Okumiya lọ sí ìlú ńlá, ó bá àwọn oníṣòwò kan jẹun, ó sì bá wọn mu ọtí. Nígbà tó padà dé, ó pe gbogbo àfonífojì sí gbọ̀ngàn. Ó gun orí pèpéle, ó gbé ọrùn sókè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ.

"Ẹ̀yin ará mi! Ilé ìtajà ńlá ń bọ̀ ní ẹnu àfonífojì wa! Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀! Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ á máa gbé yín lọ, á máa gbé yín bọ̀! Ìgbà tí à ń ra oúnjẹ lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń rùn bí ẹja ti kọjá!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Hosoda pàtẹ́wọ́ títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́, torí ó rò pé ọkọ̀ tó bá ń lọ sí ilé ìtajà á máa yà ra epo lọ́wọ́ òun. Àga tí Sumie jókòó sí kò jìnnà sí tèmi. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí omi tófù ti jẹ.

Ilé ìtajà náà dé lóòótọ́. Ó gbé ẹ̀rọ epo ọkọ̀ tirẹ̀ dání. Hosoda ti ilẹ̀kùn kí ìkórè tó parí.

Ẹ ò rí àwọn ará wa! Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ya èso píìṣì ẹlẹ́rìn-ín sí lára, wọ́n ń ti ara wọn wọ inú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pín ọ̀run fún. Wọ́n ń ra tófù inú ike tó dùn bí omi tí wọ́n fi fọ ike. Bí ọkọ̀ Sumie bá ń bọ̀, wọ́n á gbé àpò ọjà pamọ́ sẹ́yìn. Tí wọ́n bá gbàgbé iyọ̀ tàbí ìṣáná, wọ́n á sáré jáde: "Sumie! Sumie! Ẹ dúró o!"

Ní ọjọ́ kan, Okumiya wà lórí àga mi, mò ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ni Sumie gbé tófù mi wọlé.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ṣì ń kiri?" ni Okumiya wí. "Ẹ lọ sinmi. Wọ́n ń wá ẹni tó máa nu ilẹ̀ ní ilé ìtajà. Mo lè bá yín bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣeun, Alága," ni Sumie dáhùn. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà. Nínú wa, ẹ̀yin nìkan lẹ ò níṣẹ́."

Abẹ mi wà ní ọ̀fun rẹ̀, kò lè fèsì. Mo fi abẹ náà síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n àwàdà kì í ta tófù. Nígbà òtútù, Sumie ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A ò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lójú pópó mọ́. Àwọn tó gbé àpò ilé ìtajà dání dúró níwájú ilẹ̀kùn tó tì náà, wọ́n ń mi orí: "Ó mà ṣe o." Àánú wọn kò wúwo tó àpò ọwọ́ wọn.

Nígbà tó ṣe, àwọn ará ìlú ńlá wò ó pé arúgbó ló pọ̀ jù lọ níbí, arúgbó kì í sì jẹun púpọ̀. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ èso píìṣì lọ, kò padà wá. Yìnyín wá bò wá mọ́lẹ̀. Ibi tí a ti lè ra oúnjẹ di òdì kejì òkè. Okumiya kò sì lè wakọ̀ mọ́, wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó fi ọkọ̀ kọlu ère òkúta ní oríta, tó sì ń bá ère náà jà pé kò yà fún òun. Núdù inú ike ni alága ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà Kiku sọ̀ kalẹ̀ láti Sonehara, abúlé kékeré orí òkè, wá gẹ irun. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọge.

"Ìyá Àgbà, kí lẹ̀ ń jẹ tí ara yín fi ń dán báyìí?"

"Tófù ni."

"Tófù wo?"

"Tófù Sumie ni. Ṣé òmíràn wà ni?"

Abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà Sonehara há, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kò gùn ún rí. Arúgbó obìnrin mẹ́ta tó kù níbẹ̀ kò fojú kan ilé ìtajà ńlá. Nígbà tí Sumie ti ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ó kó ọlọ rẹ̀ lọ sí àká Ìyá Kiku, níbi tí omi ìsun ti dára. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe tófù fún wọn, ibẹ̀ ló sì ti ń gbé e lọ fún Bàbá Moriwaki àti àwọn aláìlera bíi tirẹ̀, láìpariwo.

Ẹnu mi dà bí ajere, kò dá omi dúró. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Okumiya. Ó pe ìpàdé, ó ránṣẹ́ pe Sumie. Sumie ní tófù òun kò mọ ìpàdé, bí òun bá fi í sílẹ̀, á bà jẹ́. Ó wá di dandan kí alága gun òkè. Mo tẹ̀ lé e. Bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀gún dí ọ̀nà lọ́jọ́ náà, màá kọjá lórí rẹ̀ kí n lè fojú ara mi rí i.

Kóòtù àti bàtà adán-gbinrin ni Okumiya wọ̀ nínú yìnyín. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Nígbà tí a dé òkè, èémí rẹ̀ ń dún bí ewìrì. Àwọn ìyá mẹ́ta náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń mu tíì.

"Tetsurō, ìwọ nìyẹn?" ni Ìyá Kiku wí. "Mo rò pé ọ̀bọ tó máa ń jí ọ̀dùnkún wa ló ń bọ̀."

Okumiya gbọn yìnyín kúrò lára kóòtù rẹ̀. "Lórúkọ Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Àfonífojì Urushidani..."

"Ẹgbẹ́ wo? Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lé Sumie lọ?" ni Ìyá Kiku já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Sumie jáde láti inú àká, èéfín ń tẹ̀ lé e. Okumiya tẹrí ba fún un, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sísàlẹ̀. Gbogbo àfonífojì ń wá yín."

"Mi ò ní í padà," ni Sumie wí. "Ẹni tó bá fẹ́ tófù, kó gòkè wá."

"Àwọn tí kò lè gòkè ńkọ́?"

"Mo mọ̀ wọ́n, mò ń gbé e lọ fún wọn. Ẹ̀yin, ẹsẹ̀ yín pé."

"Orúnkún ń dùn mí."

Ìyá Kiku gbé ife tíì kalẹ̀. "Orúnkún tó gbé ọ dé ìlú ńlá lọ bẹ àwọn olè náà wá, kò dùn ọ́ nígbà yẹn?"

Okumiya dúró nínú yìnyín, omi ń kán ní imú rẹ̀. Sumie wò ó títí, ó wọlé, ó bu tófù gbígbóná sínú abọ́, ó rẹ́ atalẹ̀ lé e lórí, ó gbé e fún un. Okumiya jẹ ẹ́ lórí ìdúró, kò gbójú sókè. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó na abọ́ náà padà bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ sí i."

Mo rí i pé Sumie kẹ̀yìn sí i bó ṣe ń bù ú. Lẹ́yìn náà mo bi í bóyá inú ló ń bí i. Ó ní láti ọjọ́ ìpàdé gbọ̀ngàn lòun ti ń to ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ fún ọkùnrin náà, tí òun ń sọ ọ́ fún ẹ̀wà bí òun ṣe ń lọ̀ ọ́. "Ó wá dé, ó ti rù, ebi ń pa á. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò, ó dà nù. Ìyẹn ló dùn mí."

Báyìí, gbogbo àfonífojì ló ń gun Sonehara. Àwọn tó ń gbé àpò pamọ́ sẹ́yìn ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí ìlà. Hosoda ń sun ọ̀dùnkún tà níbẹ̀. Èmi náà gbé àga mi gòkè, nítorí pé ibi tí ènìyàn bá wà ni irun wà.

Okumiya kò sì ní í gbádùn bí kò bá jẹ́ alága nǹkan kan. Nígbà ìrúwé, ó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́ pátákó ńlá tí a kọ sí lára pé "Ọjà Òkè Okumiya", ó ní òun máa rì í mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun sì máa gé rìbọ́nnì. Ó háyà ènìyàn láti gbé e gòkè. Ìyá Kiku yẹ pátákó náà wò fínnífínní, ó fọwọ́ pa á lára, ó yìn ín. Igi kédárì gidi ni. Ó jó dáadáa nínú ààrò, omi ìwẹ̀ Ìyá Kiku sì gbóná fún ọjọ́ mélòó kan.