Ihò Tí Gbẹ́nàgbẹ́nà Dí

"Ta ló ní kí ẹ dí i? Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Ohùn Wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìka méjì gbé ọkọ̀ òfurufú kékeré onírìmóòtù kan sókè lábẹ́ apá ọkọ̀ náà, níbi tó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí. Kàkà kí ọkọ̀ náà dúró gbọọrọ, ìrù rẹ̀ ló ń fìdí wá ilẹ̀ bí àgbà tó mutí yó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ilẹ̀kùn ìdajì àdúgbò, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára pákó tó ń fá.

"Ihò mẹ́rìnlá ni mo bá nínú ìrù yẹn. Mẹ́rìnlá! Ẹni tó tà á fún ọ rẹ́ ọ jẹ, o tún ń jó. Nígbà tí o jáde, mo fi gáàmù po ìyẹ̀fun pákó, mo dí wọn, mo há igi líle mọ́ ọn, mo tún fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ibi tó yẹ kí o ti máa dúpẹ́ lo ti ń pariwo."

"Wọ́n dìídì lu àwọn ihò yẹn ni, kí ìrù lè fúyẹ́!"

"Ihò lára iṣẹ́ igi, àbùkù ni. Ìwọ tí o kò kan àpótí ìjókòó rí lo fẹ́ kọ́ mi ní pákó?"

"Àpótí yín kì í fò! Oore pọ̀ lọ́wọ́ yín ju ọgbọ́n lọ."

Oṣù méje ni Wáyà fi to ọkọ̀ náà jọ láti inú páálí tí wọ́n ti tà á ní wẹ́wẹ́, egungun kan lẹ́yìn èkejì. Rédíò tó ń tú tó ń tò láti kékeré ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Wáyà. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ọ̀sán yìí gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú kékeré fẹ́ dán an wò. Bí wọ́n bá gbà á, òun ni yóò máa tún rìmóòtù gbogbo wọn ṣe. Òfin wọn kò gùn: ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ kàn ni kí o fò, kí ó ta òkìtì méjì lójú òfurufú, kí ó balẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn kò ní dán an wò mọ́ láé.

Àyè àti tú ìrù kò sí mọ́. Wáyà ki òjé bọ imú ọkọ̀ náà títí ó fi dúró gbọọrọ lórí ìka, ṣùgbọ́n ó ti wúwo bí ẹni tó gbé òkúta mì.

"Ṣé o rí i? Ó dúró," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì dé fìlà láti tẹ̀ lé e.

Lórí pápá, ọkọ̀ náà gbéra, ó ta òkìtì kìíní, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nínú èkejì, ó gòkè, ó rọ̀, ó já lulẹ̀ gbàà! Ìrù là sí méjì.

Alága, obìnrin arúgbó kan tó wọ awò lé awò, ṣa ìrù náà nílẹ̀. Ó ka àwọn ihò náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló dí ìwọ̀nyí?"

Wáyà, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní òpè rí, dá a lóhùn. "Èmi ni, mà."

"Òmùgọ̀ ni ọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ balẹ̀ lórí rìmóòtù. Èmi náà dí tèmi nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ tún un ṣe, kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

 Wáyà ti ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi èjìká la àárín èrò kọjá.

"Màmá, ẹ má pe àbúrò mi ní òmùgọ̀ lójú mi o! Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo dí ihò, èmi ni mo há igi, èmi ni mo lẹ ike. Ọwọ́ mi méjèèjì rèé!"

Wáyà fa ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n já ẹ̀wù gbà.

Alága wo ọwọ́ náà, ó wo Wáyà. Ó yọ ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ń dán wò lábẹ́ abíyá, ó wá orúkọ Wáyà kàn, ó sì fa bírò gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀.