Ìwọ̀n Inú Ilé

Mẹ́rìnlélógójì. Kékeré tún fa téèpù náà láti èjìká gáùn dé ìṣẹ́tí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ mọ́ tábìlì kí ó má baà yẹ̀, ó sì tún un kà. Mẹ́rìnlélógójì géérégé ni. Àyà rẹ̀ ńkọ́? Méjìdínlógójì. Èjìká? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ fún un. Síbẹ̀, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ìránṣọ ti gbé gáùn náà padà wá láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mọ́ ọrùn rẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. "Ó tún tóbi. Ọwọ́ rẹ mọ́, ìdí nìyí tí mo fi ń ní sùúrù, àmọ́ níbí, ìwọ̀n ni ìwọ̀n. Rán òmíràn wá kí aago mẹ́rin òní tó lù. Bí kò bá tún bá ìwọ̀n mu, ẹlòmíràn ni màá gbà."

"Kí ni wọ́n kọ?" Màmá bèèrè láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

"Wọ́n ní ó tóbi."

"Mo sọ fún ẹ." Màmá ń ṣa bọ́tìnnì nínú agolo bisikíìtì, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. "Àwọn yẹn ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Ẹni tí ò bá ti fẹ́ni, aṣọ tó bani mu gan-an, á ní kò bani mu."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Kékeré, ó sì fi odindi orí kan ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nígbà tó ń rákò náà ló ṣì ń jẹ́. Inú yàrá méjì lókè àjà kẹta ni àwọn méjèèjì ń gbé. Láti ìgbà tí Màmá ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, ọdún márùn-ún rèé, kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Kékeré ló ń gbé e láti orí ibùsùn dé orí àga, láti orí àga dé balùwẹ̀, àti balùwẹ̀ padà sórí àga.

Kò sí ohun tí aránṣọ ń wá tí kò sí nínú yàrá yẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ wà nídìí ògiri, òróró rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Àlùmọ́gàjí ńlá wà lórí ìṣó, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi gé bébà, àfi bó bá fẹ́ kí Màmá gé òun náà. Ṣọ́ọ̀kì wà, òwú wà ní oríṣiríṣi àwọ̀, áyọ́ọ̀nù wà, agolo bisikíìtì mẹ́rin sì wà tí àlejò kan ò rí bisikíìtì kankan nínú wọn rí. Gbogbo rẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó. Èyí ni Màmá fi ń yangàn, òun náà ló sì fi ń ti ilẹ̀kùn. "Kí lò ń wá níta," á ní, "tí kò sí níbí?"

Ẹ̀rín ni. Kékeré ò jẹ́ sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń wá. Ó kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan tó lọ ra búrẹ́dì, ó rí ogún obìnrin nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹnì kan sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn fi bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ títí búrẹ́dì fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń wá aránṣọ kan sí i, ó kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ní àjà kejì, ìyẹn sì gbà láti máa wá jókòó ti Màmá títí tí Kékeré á fi máa dé. Kò sí ohun tó kù ju kí gáùn kan bá ìwọ̀n mu. Ó ti rán méjì. Ó wá ku ọ̀kan.

Kò sí aṣọ nílẹ̀ mọ́. Ó ká téèpù sọ́wọ́, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

"Wọ̀n ọ́n lójú ẹ̀ o!" Màmá ké tẹ̀lé e. "Olè ni obìnrin yẹn! Yáàdì mẹ́ta ẹ̀ ò pé rí!"

Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aláṣọ wà. Obìnrin náà na aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gé e, ó ká a. Kékeré bá tún un tú. Ojú tì í, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó wọ̀n ọ́n, ó sì dín, bó ṣe máa ń dín.

"Ẹ má bínú, Mà. Ó fi íńṣì mẹ́ta dín."

Ìyá Aláṣọ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Íńṣì mẹ́ta. Ọdún mẹ́wàá rèé tí mo ti ń gé aṣọ kún un fún ìyá ẹ, kí wọ́n má baà pariwo mi fún gbogbo àdúgbò. Lónìí, mi ò gé nǹkan kan kún un. Gbé téèpù yẹn wá."

Ó ní òpá irin kan tí wọ́n kàn mọ́ etí tábìlì rẹ̀, yáàdì kan géérégé, ọwọ́ àwọn oníbàárà sì ti kàn án títí tó fi ń dán. Ó tẹ́ téèpù lé e lórí, ó fà á kó tọ́, ó sì yọwọ́ kí Kékeré wò ó fúnra rẹ̀. Níbi tí irin parí sí, tó yẹ kí téèpù kọ mẹ́rìndínlógójì, márùndínlógójì ló kọ.

Kékeré gbé e, ó tún un tẹ́. Márùndínlógójì.

"Ó ti nà," ni Ìyá Aláṣọ wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ díẹ̀. "Aṣọ ni téèpù náà, àbí kí ni? Béèyàn bá ń fa aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á nà. Bẹ́ ẹ bá fi wọn èèyàn, tí ẹ tún fi òun náà wọn aṣọ, ẹ ò lè mọ̀ láé. Àṣìṣe méjèèjì á bára wọn mu."

Kékeré dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè tí kò mọ ẹni tó pe òun. Ọ̀rọ̀ náà di abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète, ó di èrò. Gbogbo oníbàárà tó ń gòkè wá bá wọn, téèpù yìí ló fi ń wọ̀n wọ́n, òun náà ló fi ń gé aṣọ wọn, kò sì sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í wọ̀. Nínú ilé, kò sí ohun tí kì í bára mu. Ìwọ̀n tó bá ti ìta wá nìkan ni kì í bá tiwọn mu. Gáùn náà tóbi lóòótọ́! Wọn ò kórìíra rẹ̀, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbá Ìyá Aláṣọ mọ́ra, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn ò ṣe rí. Ó ra téèpù tuntun mọ́ aṣọ, ó sì fò gun àtẹ̀gùn ní méjì-méjì.

"Màmá! Ọwọ́ mi kọ́!" Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Téèpù ni! Téèpù wa ti nà!"

Màmá ò gbójú sókè. Bọ́tìnnì funfun ló mú lọ́wọ́. "Ó ti pẹ́," ó ní.

"Kí ló ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́ tó ti nà. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí mi láti ibòmíì, mo máa ń yọ íńṣì kan kí n tó gé e."

Kékeré fìdí lé orí àpótí. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé inú ilé òun ni òun ti máa kà á. Màmá ló rán bọ́tìnnì mọ́ gáùn àkọ́kọ́. Òun náà ló rán an mọ́ ìkejì, mẹ́fà-mẹ́fà, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbọ̀n. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní, ó dára, ọmọ mi, gbé e lọ.

"Ẹ mọ̀," ni Kékeré wí.

"O ò bi mí."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jókòó síbẹ̀ ẹ̀ ń wò mí! Mo sunkún, Màmá! Ẹ̀yin lẹ nù mí lójú!"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Màmá ju bọ́tìnnì náà sínú agolo, ó dún ko. "Ṣé kí n máa wo ẹnu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́ ni? Kí obìnrin àjà kejì máa gbé mi lọ gbé mi bọ̀ bí ẹrù? Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, Kékeré. Mi ò ní pẹ́ mọ́. Ṣé o ò wá lè dúró dè mí ni?"

Àdúrà ni ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn. Òbí ń gbà á pé kí òun má sin ọmọ òun, ọmọ á sì ṣe àmín. Lẹ́nu Màmá lónìí, àgádágodo ni. Kékeré ò ṣe àmín. Ó dìde, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó sì mú àlùmọ́gàjí lórí ìṣó.

Ó to abẹ́rẹ́ olórí róbótó sáàárín ètè rẹ̀ bí aránṣọ ṣe máa ń ṣe, ó sì dúpẹ́ fún wọn, nítorí ẹni tó kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu ò lè fèsì. Màmá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó bu omi fún un. Màmá ní oòrùn ń pa òun, ó sún àga rẹ̀. Aago méjìlá lù. Nígbà tó fẹ́ rán apá mọ́ èjìká, Màmá ní òun fẹ́ lọ balùwẹ̀.

Ó kó abẹ́rẹ́ jáde lẹ́nu, ó lọ gbé e. Apá Màmá wé mọ́ ọn lọ́rùn, orí rẹ̀ sinmi lé e léjìká. Ó ti fúyẹ́. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ó máa ń wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn Kékeré fi ń dùn ún. Ìfẹ́ ìyá rẹ̀ gbọn ọkàn rẹ̀, inú sì bí i pé ó gbọ̀n ọ́n, torí ìfẹ́ yẹn ò bọ́ sákòókò rárá. Bí wọ́n ṣe padà dé orí àga, wákàtí kan ó lé ti lọ, bí wọ́n ṣe lò ó ò yé e.

Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ kó tó rán ìṣẹ́tí tán. Màmá ti na ọwọ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sókè lórí itan.

"Gbé e wá, kí n bá ẹ rán bọ́tìnnì mọ́ ọn."

"Màá rán an fúnra mi."

Ọwọ́ náà wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ká kò. Kékeré rí i, ó sì dùn ún, àmọ́ ó ń rán bọ́tìnnì lọ. Ó ta kókó sí òwú bọ́tìnnì kẹfà, ó fi eyín já a, ó lọ gáùn náà, ó sì fi téèpù tuntun wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìnlélógójì. Méjìdínlógójì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ká a sínú báàgì. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni, bí èèyàn ò bá dúró kí ẹnikẹ́ni.

"Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lókè nísinsìnyí," ó ní, kò wo ẹ̀yìn. "Mo ti bá a sọ̀rọ̀."

"Kékeré."

"Mà."

Màmá dé agolo bọ́tìnnì náà. "Dárí jì mí."

Ẹsẹ̀ Kékeré dúró. Kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá rẹ̀. Màmá ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ títí ìyẹn fi kú, kò sọ ọ́ fún oníbàárà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ rẹ̀, ká má tiẹ̀ dárúkọ Ìyá Aláṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìbínú tó gbé e láti àárọ̀ sì ti ń yọ́ láyà rẹ̀. Ó mọ ohun tó kù. Á gbé báàgì kalẹ̀, kìkì láti di ọwọ́ Màmá mú. Wọ́n á jọ sunkún. Á se tíì fún un. Aago mẹ́rin á lù nígbà tí wọ́n bá ń mu ún, kò sì ní sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá ò purọ́ o, ọkàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gan-an ni. Ó wá yé Kékeré pé ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀: bí òun bá dárí jì í báyìí, òun ò ní jáde mọ́.

"Tí mo bá dé, Màmá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ. Tí mo bá dé, màá dárí jì yín."

Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀, kí ìbínú náà má baà tán kó tó dé ìsàlẹ̀.