Etí Kan Lára Àyà Ọmọ

Bàbá Amúnisùn ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń fún àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lóògùn oorun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún kan ló wà lórí tábìlì. Eéwo ńlá wà nítan rẹ̀, wọ́n fẹ́ la á. Kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bàbá ti bi ìyá rẹ̀ léèrè lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kò húkọ́? Ṣé kò ní ọ̀fìnkìn?"

"Rárá o, Bàbá. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá."

Ìdáhùn náà yá jù. Bàbá fetí sí ẹ̀yìn ọmọ, kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá gbà.

Ó rọra fún un ní kẹtamáìnì, oògùn oorun náà, torí bí èèyàn bá yára tì í wọ iṣan, èémí lè dúró. Ojú ọmọ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nílé. Bàbá fi pílásítà lẹ irin tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà mọ́ ọn láyà, ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ etí òsì ara rẹ̀.

Dókítà tó fẹ́ la eéwo rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ yá. "Bàbá, ẹ̀rọ wà níbẹ̀ yẹn tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ tún ń fetí kọ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìjà aládùúgbò."

"Ìjà aládùúgbò ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ gbájú mọ́ eéwo."

Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹnu ọmọ. Kẹtamáìnì a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí pọ̀ jù, ó sì ń fà. Nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣèrànwọ́. Ó ti rọ́bà tó ń fa itọ́ jáde bọ ẹnu ọmọ jìnnà, ó kan ọ̀fun.

Èémí tí Bàbá ń gbọ́ létí dákẹ́.

Ẹ̀rọ kò tíì sọ nǹkan kan. Àyà ọmọ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ọ̀fun ti pa ilẹ̀kùn dé.

"Yọ rọ́bà. Dókítà, ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

"Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan..."

"Mo ní ẹ gbọ́wọ́."

Ó ki ìka sí ẹ̀yìn etí ọmọ méjèèjì, níbi tí eegun àgbọ̀n parí sí. Ó tẹ̀ ẹ́ gidi, ó gbé àgbọ̀n síwájú. Nọ́ọ̀sì fi ìbòjú afẹ́fẹ́ bo ẹnu àti imú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ètè ọmọ ń dúdú. Nọ́ọ̀sì di báàgì tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé mú.

"Má fún báàgì tipátipá. Ṣáà di ìbòjú mú kó má jò. Yóò ṣí."

Bàbá ń kà nínú ara rẹ̀. Ó mọ abẹ́rẹ́ tí yóò bèèrè láti fi tú ọ̀fun bó bá kà dé ogún. Nígbà tó kà dé mẹ́rìnlá, ó gbọ́ ohùn tín-ínrín kan, bíi ti àkùkọ kékeré tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Afẹ́fẹ́ wọlé. Ètè ọmọ pọ́n padà.

Dókítà parí eéwo.

Bàbá jáde lọ bá ìyá ọmọ. "Ìyá wa, ọjọ́ mélòó ni ọ̀fìnkìn náà?"

Obìnrin náà wolẹ̀. Aṣọ tó fi nu imú ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá wa padà torí irú ọ̀fìnkìn báyìí. Mo rò pé bí mo bá sọ, ẹ ó tún dá wa padà ni."

"Ọ̀fun rẹ̀ dí mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ti ṣí báyìí, ó ń mí dáadáa. Ká ní ẹ sọ ni, ǹ bá ti múra sílẹ̀. Mo rí i pé ìdáhùn yín yá, mo sì gbà á. Ẹ̀bi àwa méjèèjì ni."

Ó padà lọ jókòó ti ọmọ, ó tún ki rọ́bà àyà bọ etí, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọmọ jí, oògùn ṣì wà lójú rẹ̀, ó wo Bàbá.

"Bàbá, orí méjì lẹ ní."

"Ọ̀kan ni mo gbé kúrò nílé."

Dókítà wọlé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́."

Bàbá yọ rọ́bà létí ara rẹ̀, ó fi í sí etí dókítà.