Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Yí Àmì?

“Mo ní kó o yí àmì nígbà tó bá yẹ. Mi ò ní kó o máa yí i kiri.”

Ọkọ fi báírò pupa na ìwé ìṣirò tí ìyàwó rẹ̀ kọ. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyàwó náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ọ̀la ni ìdánwò ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìṣirò ló sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí bá tún bọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n gbà á mọ́.

Ìbéèrè náà nìyí: 4 − 3x > 19. Ìyàwó ti yọ 4 kúrò lọ́tùn-ún lósì, ó ku −3x àti 15, ó sì yí àmì. Ó wá fi −3 pín in, ó tún yí àmì. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé x > −5.

“Òdo ju −5 lọ, àbí?” ni Tíṣà wí. “Fi í sípò x. Mélòó?”

“Mẹ́rin.”

“Mẹ́rin ju mọ́kàndínlógún lọ?”

“Rárá.”

“Irọ́ ni ìdáhùn ẹ ń pa nìyẹn.”

“Ẹ̀yin lẹ ní tí mo bá ti rí máínọ́ọ̀sì kí n yí i.”

“Tó o bá fi pín in ni mo wí, kì í ṣe tó o bá ń yọ nǹkan kúrò.”

“Kí ló dé?”

“Kò sí kí ló dé. Òfin ni. Há a sórí.”

Ọ̀rọ̀ náà sú ìyàwó pátápátá. Láti àárọ̀ ló ti ń há òfin sórí, àwọn òfin náà sì ti ń ti ara wọn ṣubú níbẹ̀.

“Tíṣà, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó pajú dé. Ẹ̀rọ agbénigòkè ilé ìwòsàn ló wá sí i lọ́kàn. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibi ìfọṣọ wà. −2 ni wọ́n kọ sára bọ́tìnnì rẹ̀.

“Ká ní ẹnì kan wà ní àjà karùn-ún,” ó ní, “témi wà ní ìkejì. Ó ga jù mí lọ. Ká jọ sọ̀ kalẹ̀ ní àjà mẹ́rin-mẹ́rin: òun dé 1, èmi dé −2. Ó ṣì ga jù mí lọ. Kò sídìí láti yí àmì.”

Tíṣà kọ 1 àti −2 sétí ìwé.

“Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi máínọ́ọ̀sì síwájú ti kálukú wa, bí ìgbà tẹ́ ẹ fi −1 pín in, òun á di −5, èmi á di −2. Òun ló wá wà nísàlẹ̀ mi. Ìdí tá a fi ń yí i nìyẹn.”

Ó fa ìwé mọ́ra. Ó yọ 4 kúrò, ó fi àmì sílẹ̀ bó ṣe wà: −3x > 15. Ó fi −3 pín in, ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: x < −5. Ó fi −6 dán an wò. Ó bọ́ sí méjìlélógún, ìyẹn sì ju mọ́kàndínlógún lọ. Inú rẹ̀ dùn, inú sì tún bí i, nítorí kò sóhun tí gbogbo ariwo àtàárọ̀ wà fún.

Tíṣà fi báírò pupa máàkì í pé ó gbà á. “Bí ọmọ kan bá bi mí ní kíláàsì pé kí ló dé,” ó ní, “mo máa ń ní kó jókòó ni.”

“Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin sí i fún mi, kẹ́ ẹ sì jáde.”

Ó kọ wọ́n. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. “Ti àjà yẹn, báwo lo ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan?”

“Ẹ jẹ́ kí n ṣèdánwò tèmi tán ná,” ó wí, ó sì dorí kọ ìbéèrè àkọ́kọ́.