Ebè Tí Olùyẹ̀wò Kejì Kà

Ìgbà kẹta nìyí tí olùyẹ̀wò kejì dá àpilẹ̀kọ mi padà. Òkè-òkun ni jọ́nà, ìwé ìwádìí tí mo fi í ránṣẹ́ sí, wà, wọn kì í sì í sọ orúkọ olùyẹ̀wò fún èèyàn. Àádọ́rùn-ún àgbẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀ ní Rore. Ìṣirò mi ní bí ebè àgbẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣu inú ebè kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Olùyẹ̀wò yìí kọ́kọ́ ní àgbẹ̀ tí mo bi kéré. Lẹ́yìn náà, ó ní ọ̀nà tí mo gbà ṣírò kò dára. Báyìí, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ padà lọ bi wọ́n bóyá gbogbo ebè tí wọ́n kọ ni tiwọn."

Òyìnbó wo ló máa ronú kan irú ìbéèrè yìí? Mo gbójú sókè wo Bẹ̀llò, ọmọ àgbẹ̀ Ṣàrẹ́, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ipò olùkọ́ kan ṣoṣo ní yunifásítì wa ni àwa méjèèjì ń dù. Bí àpilẹ̀kọ mi ò bá wọlé kí oṣù tó parí, òun ni wọ́n máa gbà.

"Mubashir, ò ń wò mí bí olè ewúrẹ́. Kí ló dé?"

"Ṣé o ti bá jọ́nà kankan yẹ iṣẹ́ wò rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa gbé e fún irú èmi?"

Kò sọ pé rárá.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò sọ fún ẹnì kankan, mo gun ọ̀kadà lọ sí Rore. Bàbá Táyé, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀, ń pọ́n àdá lábẹ́ igi káṣú.

"Bàbá, ẹgbàá ebè tẹ́ ẹ ní ẹ kọ lọ́jọ́sí, ṣé tiyín ni gbogbo ẹ̀?"

"Èmi nìkan? Ṣé katakata ni mí ni? Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe àáró. Lónìí, oko mi. Lọ́la, oko Babátúnjí, títí á fi kárí. Irinwó péré ni tèmi níbẹ̀."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!"

"O bi mí ní iye tá a kọ, mo sọ ọ́. Akọ̀wé, ṣé èmi ni mo máa kọ́ ẹ ní ìbéèrè?"

Mo bi àwọn àgbẹ̀ yòókù tí mo bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Iṣu irinwó ebè ni mo ti pín sórí ẹgbàá. Nígbà tí mo tún un ṣírò, kò sí ohun tó kù nínú àwárí mi. Mo lè parọ́ pé mo ti bi wọ́n, pé wọ́n ní tiwọn ni gbogbo ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?

"Rore ń kọ́?" Bẹ̀llò ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹrẹ̀ pupa bàtà ẹ."

Irú ẹrẹ̀ yẹn wà láti Òmù-Àrán títí dé Ṣàrẹ́. Mo jókòó, mo kọ̀wé sí jọ́nà pé òótọ́ ni olùyẹ̀wò kejì sọ, pé mo fa àpilẹ̀kọ mi padà. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Wọ́n máa ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó olùyẹ̀wò létí lójú ẹsẹ̀. Mo wá tẹ́tí sílẹ̀ bóyá fóònù Bẹ̀llò máa dún.